Táyà fún Ọ̀nà Méjì

Toktosun to táyà mẹ́ta síwájú mi
nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Náríìnì, níbi tí òtútù oṣù Kárùn-ún
ṣì ń fi èékánná ha gíláàsì fèrèsé.
Ó ní, "Begaim, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ
kò gba àṣìṣe. Fara balẹ̀ yàn."

Mo fara balẹ̀.
Abẹ́rẹ́ àjẹsára àgùntàn ni mò ń gbé kiri orí òkè,
nínú àpótí yìnyín tí mo fi okùn dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù.
Kìlómítà méjìdínláàádọ́rin lórí ọ̀dà,
ọ̀dà tó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja bí òjò bá kàn án;
lẹ́yìn náà, òkúta wẹẹrẹ títí dé afárá onígi;
lẹ́yìn náà, koríko, ìgbẹ́ màlúù, odò kan tí mo ń là lẹ́ẹ̀mejì
nítorí pé odò náà kò mọ ibi tó ń lọ.

Èkíní ń dán. Ẹwà rẹ̀ pọ̀.
Yóò máa lá títì bí ológbò ṣe ń lá wàrà, láìpariwo.
Àmọ́ mo mọ ọmọ ìyá rẹ̀: òun ni mo gùn lọ́dún tó kọjá
tó gbé mi dà nù lórí koríko tó ní ìrì
bí ẹni da omi ìṣanwọ́ nù.
Ogójì ìgò fọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Jumabek fi retí òmíràn,
ó wá ka òkú ọ̀dọ́ àgùntàn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò bínú. Ì bá kúkú bínú.

Èkejì, eyín rẹ̀ gùn bí ti ẹṣin arúgbó.
Ẹrọ̀fọ̀ wo ni yóò rí i tí kò ní yàgò?
Toktosun na ìka: "Lórí ọ̀dà, yóò máa kùn
hùn-ùn-ùn, bí oyin inú agolo.
Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, eyín ti jẹ tán."
Bí òjò bá sì dé, èékánná kì í di gíláàsì mú.

Ẹ̀kẹta kò jọ nǹkan kan.
Eyín kúkurú, àlàfo tóóró,
ojú bí ojú ẹni tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀.
Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo.
Mo gbọ́. Ta ló sọ pé èmi ni mo wá eku méjì?
Ọ̀nà ló pín ara rẹ̀ sí méjì,
iṣẹ́ mi sì wà ní òpin èkejì.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ róbà. Mo gbóòórùn rẹ̀.
Mo ní, "Fi eléyín gígùn síwájú. Fi ẹ̀kẹta sẹ́yìn."
Toktosun rẹ́rìn-ín títí tíì rẹ̀ fi dà:
"Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan sálúbàtà!"
Kó máa rẹ́rìn-ín. Iwájú ló ń bi ilẹ̀ léèrè,
ẹ̀yìn ló ń san owó ìrìnnà.
Bàbá mi àgbà, nígbà tí irin wọ́n,
ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin nìkan ló ń kan bàtà mọ́,
kò sì sí ẹṣin rẹ̀ tó ṣubú,
àfi ọ̀kan, tí a kì í dárúkọ.

Ó pa ọṣẹ sí etí róbà, ó fi irin tì í wọlé,
ó fẹ́ ẹ: pàà! pàà!
Irun wẹẹrẹ ṣì wà lára wọn bí ti ọmọ tuntun.
"Rọra," ni ó wí. "Ara wọn ṣì ń yọ̀."
Ó dín díẹ̀ kù nínú owó, kò sọ ìdí.

Mo rọra. Iwájú ń kùn, ẹ̀yìn dákẹ́,
bí àwùjọ tí ẹnì kan ṣoṣo mọ orin.
Níbi tí ọ̀dà pin sí, mo dúró,
mo tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, fììì,
kí táyà lè ya ẹsẹ̀ lórí òkúta.
Mo fọwọ́ kan àpótí: yìnyín ṣì le.
Bóyá mo yàn dáadáa, n kò tíì mọ̀.
Odò wà níwájú, ó ti kún,
Jumabek sì dúró ní òdìkejì
tòun ti fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.